Gbogbo Ọjọ́ Orí Ló Ní Jẹjẹrẹ Tirẹ̀: Ìtàn Jẹjẹrẹ Ẹpọ̀n àti Ohun Tí Ọwọ́ Ìyá Lè Tètè Rí

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ láwùjọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ọmọkùnrin yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 22 bá wá bá yín, tó ní, "Mọ́mì, nǹkan kan le bí òkúta lára ẹpọ̀n mi, ṣùgbọ́n kò dùn mí," kí ni ẹ máa kọ́kọ́ rò? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ìpá ni. Àwọn mìíràn á ní bóyá bọ́ọ̀lù ló bà á níbẹ̀, tàbí kí wọ́n fura pé ó ti lọ kó àtọ̀sí níta. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa rò ó kan jẹjẹrẹ, torí ohun tí a gbọ́ dàgbà ni pé jẹjẹrẹ àìsàn àgbàlagbà ni.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láàárín ọdún 15 sí nǹkan bí 40 gan-an ni jẹjẹrẹ ẹpọ̀n máa ń mú ọkùnrin jù. Bí bàbá ẹni 70 ọdún ṣe ń ṣọ́ra fún jẹjẹrẹ prostate, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ṣọ́ra fún ti ẹpọ̀n. Kí ló dé tí àìsàn kan ń dúró de àgbà, tí èkejì ń wá ọ̀dọ́ kiri? Ó gba àwọn oníṣègùn ní nǹkan bí 200 ọdún kí wọ́n tó rí ìdáhùn tó nítumọ̀, ìdáhùn náà sì kan ọwọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń wẹ ọmọ. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

*1. Àwọn ọmọ tó ń gun ihò èéfín ní Lọ́ńdọ̀nù*

Láyé àtijọ́, nítorí òtútù Ìlú Ọba, inú yàrá ni wọ́n ti ń dáná yá. Wọ́n á la ihò gbọọrọ láti ìdí ààrò gba inú ògiri jáde sórí òrùlé, kí èéfín lè rí ọ̀nà lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ògiri ilé ìdáná onígi ṣe máa ń dúdú kirikiri. Bẹ́ẹ̀ ni inú ihò náà ṣe ń dúdú, bí dúdú èéfín yẹn bá sì pọ̀ jù, ilé lè gbiná. Ihò náà tóóró, àgbà kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń tì wọ inú rẹ̀ láti lọ ha á: ọmọ ọdún 6, ọmọ ọdún 7, ọmọ tálákà àti ọmọ òrukàn. Nígbà mìíràn ìhòòhò ni wọ́n ń gùn ún kí aṣọ má baà há. Dúdú èéfín á bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, omi ìwẹ̀ kì í sì í tètè kàn wọ́n.

Ní 1775, Percivall Pott, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní St Bartholomew's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ń rí egbò kan tó ń jẹ awọ ẹpọ̀n àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń rí egbò náà ṣáájú ti ń pè é ní àrùn ìbálòpọ̀, oògùn àrùn ìbálòpọ̀ ni wọ́n sì ń lò sí i. Pott ní rárá o, dúdú èéfín tó ń há sáàárín ìwúnjọ awọ ibẹ̀ ló fà á. Jẹjẹrẹ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí dókítà kan máa fi ìka tọ́ ohun kan níbi iṣẹ́ pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, awọ àpò ẹpọ̀n ni jẹjẹrẹ tí Pott rí, kì í ṣe kóró tó wà nínú àpò. A máa dé ọ̀dọ̀ kóró náà láìpẹ́. Èkejì ni ti ọjọ́ orí: láti ọmọ ọdún 6 ni dúdú èéfín ti ń kan àwọn ọmọ yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá dàgbà tán ni egbò náà sábà máa ń yọjú, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí a ṣe lọ́mọdé ló wá ń sọ̀rọ̀ lágbà.

Ìjọba Ìlú Ọba ṣòfin ní 1788 pé wọn ò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 sí iṣẹ́ náà. Ní 1840 wọ́n ní ẹni tí kò tíì pé 21 kò gbọdọ̀ gun ihò mọ́. Wọn ò tẹ̀ lé e, àfi ìgbà tí òfin 1875 ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Láti ìgbà tí Pott kọ̀wé dé ìgbà tí ọmọ kúrò nínú ihò, 100 ọdún gbáko ni.

*2. Ìṣirò ọdún 1954*

Ẹ jẹ́ ká fo ọdún díẹ̀. Ní 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1954, Doll yìí kan náà àti Peter Armitage jókòó ti àkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ pa, wọ́n tò wọ́n ní ọjọ́ orí sí ọjọ́ orí, wọ́n sì rí ohun ìyàlẹ́nu. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, bí ọjọ́ orí bá di ìlọ́po méjì, ewu náà kì í kàn di ìlọ́po méjì. Nípa ìṣirò wọn, ó lè di nǹkan bí ìlọ́po 64. Ìyẹn ni pé ewu tó wà lórí ẹni 60 ọdún fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti ẹni 30 ọdún lọ.

Kí ló fà á? Àlàyé wọn ni pé jẹjẹrẹ kì í ti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. Ẹ wò ó bí ilé tó ní ìlẹ̀kùn mẹ́fà tàbí méje, tí olè gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo wọn kó tó dé yàrá. Ara wa kún fún àwọn ẹyọ kékeré tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ń gbó, òmíràn ń rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìrọ́pò yìí, àṣìṣe lè wọ inú àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé. Àṣìṣe kan kì í tó, ara á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tí sìgá, ọtí, èéfín àti àwọn kòkòrò àrùn ń dá kún un, ìlẹ̀kùn á máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ orí ló ń mú kí ògiri máa lanu díẹ̀díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ prostate, ti ìfun àti ti ikùn fi pọ̀ lára àgbà ju ọ̀dọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, bí ìtọ̀ bá ń há, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nínú ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀, tí ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ má ṣe sọ pé ara àgbà ni. Àgbà gan-an ló yẹ kó tètè lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

*3. Àwọn ọmọdé tó tako ìṣirò náà*

Bí ìṣirò 1954 bá jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ọmọdé kò yẹ kó ní jẹjẹrẹ rárá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni ẹ̀rí ti wá pé ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ní 1958, Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní Ùgáńdà, kọ̀wé nípa kókó ńlá tó ń wú lágbọ̀n àwọn ọmọdé. Jẹjẹrẹ ni, kì í sì í dúró de àgbà. Ní 1964, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ó tún hàn pé ibi tí ibà ẹ̀fọn bá ti ń ṣe ọmọ lemọ́lemọ́ ló ti ń pọ̀.

Àìsàn náà pọ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ létòlétò ní UCH, àkọsílẹ̀ Ìbàdàn sì wà lára èyí tí wọ́n kó jọ káàkiri ayé sínú ìwé kan ní 1966. Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà ní 1972, torí wọ́n fi hàn pé oògùn lè wo jẹjẹrẹ àgbọ̀n ọmọdé yìí sàn. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé jẹjẹrẹ kò gbóògùn.

Ní 1971, Alfred Knudson ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ti ojú. Jẹjẹrẹ kan wà tó ń mú ẹyinjú ọmọ kéékèèké. Knudson ní ìlẹ̀kùn méjì péré ni jẹjẹrẹ yẹn ní láti ṣí, àwọn ọmọ kan sì ti ṣí àkọ́kọ́ láti inú oyún nítorí ohun tí wọ́n jogún. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè dé. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ya fọ́tò ọmọ pẹ̀lú iná kámẹ́rà, tí àárín ẹyinjú rẹ̀ kan ń tàn funfun bíi ti ológbò, ẹ má fi ṣeré. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

*4. Jẹjẹrẹ tó ń sùn láti inú oyún*

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí kóró ẹpọ̀n. Tirẹ̀ tún yàtọ̀. Kì í tẹ̀ lé ìṣirò àgbà, kì í sì í ṣe bí ti ọmọdé. Ó máa ń ṣọ̀wọ́n lára ọmọdé, á gbéra lẹ́yìn ìbàlágà, á pọ̀ jù láàárín ọdún 25 sí 35, á tún máa relẹ̀ lẹ́yìn 40. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ní 1972, dókítà kan ní Dẹ́nmáàkì, Niels Skakkebæk, kọ̀wé nípa ohun tó rí nínú kóró ẹpọ̀n àwọn ọkùnrin tí wọ́n wá sílé ìwòsàn torí pé wọn ò rí ọmọ bí. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ sì wá yọjú níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí wọ́n ṣe ń tú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wò láti ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé wọ́n jọ sẹ́ẹ̀lì ọmọ inú oyún. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, tí ẹpọ̀n rẹ̀ ń dá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kò dàgbà bí ó ti yẹ. Wọ́n sùn sílẹ̀. Nígbà tí ìbàlágà dé, tí ohun tó ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú ara, ó jí wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ fi ń ní in. Àìsàn náà kò tètè dé rárá. Nǹkan bí ogún ọdún ló ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Wọ́n to àwọn ọkùnrin Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè ní ọdún tí wọ́n bí wọn. Àwọn tí wọ́n bí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kò ní jẹjẹrẹ ẹpọ̀n tó àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ogun tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà oyún àti ìkókó ló ń sọ̀rọ̀ lára ọkùnrin tó ti tó gbéyàwó.

Ó tún ku ohun tí ọwọ́ lè bà. Nígbà tí ọmọkùnrin wà nínú oyún, inú ikùn tirẹ̀ lókè, nítòsí kíndìnrín, ni kóró ẹpọ̀n ti ń dá. Bí oṣù bá ń pé, á máa sọ̀ kalẹ̀ títí á fi bọ́ sínú àpò. Nínú 100 ọmọkùnrin tí oṣù wọn pé, bíi 3 ni ọ̀kan tàbí méjèèjì kò tíì sọ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Lára àwọn tí oṣù wọn kò pé, ó lè tó 30 nínú 100. Ọ̀pọ̀ á sọ̀ fúnra wọn láàárín oṣù mẹ́fà. Ìwọ̀nba tó bá kù lókè ni àwọn dókítà ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún, wọ́n á fà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì so ó mọ́ inú àpò.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Swídìn gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí 17,000 ọkùnrin tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún kí wọ́n tó pé ọdún 13, ewu jẹjẹrẹ ẹpọ̀n lórí wọn jẹ́ bí ìlọ́po 2 ti ọkùnrin yòókù. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún lẹ́yìn ọdún 13, ó ju ìlọ́po 5 lọ. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni. Ọjọ́ orí ló yàtọ̀.

Kí ọkàn yín má baà pò: ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹpọ̀n wọn kò tètè sọ̀ kò ní ní jẹjẹrẹ láéláé. Àìsàn náà kò wọ́pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ funfun ń ní in ní bí ìlọ́po 4 tàbí 5 ju àwọn ènìyàn dúdú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìkejì rẹ̀: ní Amẹ́ríkà náà, ènìyàn dúdú tó bá ní in sábà máa ń pẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn, àìsàn á sì ti rìn jìnnà. Ohun tí kò wọ́pọ̀ kì í tètè wá sọ́kàn ẹni.

*5. Bí irin kan ṣe sọ ikú di ìwòsàn*

Títí di nǹkan bí 1970, bí jẹjẹrẹ ẹpọ̀n bá ti kúrò níbi tó wà, tó dé inú ikùn tàbí ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń yè é. Àwọn ọmọ ogún ọdún ni wọ́n ń sin.

Ní 1965, Barnett Rosenberg ní Michigan State University ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ ohun tí iná mànàmáná máa ṣe sí àwọn kòkòrò tíntìntín kan. Ó fi irin platinum, irú irin iyebíye tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn, gbé iná wọ inú omi wọn. Àwọn kòkòrò náà kò bí sí i mọ́. Wọ́n kàn ń gùn gbọọrọ bí okùn ni. Nígbà tí ó wádìí, kì í ṣe iná ló fà á. Irin náà ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, ohun tó yọ́ náà ló ń dí wọn lọ́wọ́ láti bí sí i. Rosenberg ronú pé bí ó bá lè dá kòkòrò dúró, ó lè dá jẹjẹrẹ dúró. Inú rẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń pè ní cisplatin ti jáde.

Ní 1974, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Indiana University, Lawrence Einhorn, pa oògùn yìí pọ̀ mọ́ méjì mìíràn fún àwọn tí jẹjẹrẹ ẹpọ̀n wọn ti tàn kálẹ̀. Nínú 47 àkọ́kọ́ tó kọ̀wé nípa wọn ní 1977, 35 ni àìsàn náà pòórá pátápátá lára wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà. Lónìí, níbi tí ìtọ́jú bá ti wà, ó ju 9 lọ nínú 10 tó ń yè é. Ẹ lè ti gbọ́ orúkọ Lance Armstrong, agun-kẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 25 ni ní 1996 nígbà tí wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ẹpọ̀n rẹ̀ ti dé ikùn, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Ó yè é, ó sì bímọ. Ọ̀rọ̀ oògùn agbára tí wọ́n torí rẹ̀ gba àwọn ife ẹ̀yẹ rẹ̀ ní 2012 jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ohun tí mo ń fi hàn yín ni ẹni tó yè.

*6. Iṣẹ́ ti kàn yín, ẹ̀yin tí ẹ ń wẹ ọmọ*

Ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà, kò sí dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ ń kan ara ọmọ tuntun tó tiyín. Ẹ̀yin lẹ ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹ bá ń wẹ ọmọkùnrin, ẹ ṣe báyìí:

✅ Ẹ jẹ́ kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọwọ́ yín náà sì móoru. Bí òtútù bá mú ọmọ, ẹpọ̀n á sá gòkè, ẹ lè rò pé kò sí níbẹ̀.

✅ Ẹ fi ìka rọra bà á. Kóró méjì ló yẹ kó wà nínú àpò, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

✅ Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe fà á, ẹ má sì fi aṣọ gbígbóná jó o. Ọwọ́ kò lè mú un sọ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

✅ Bí ó bá pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì sọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọdé. Kí iṣẹ́ abẹ náà ti wáyé kí ọmọ tó pé ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n ń gbani nímọ̀ràn. Ẹ má ṣe sọ pé "bó bá dàgbà, á sọ̀."

✅ Bí ọmọ yín bá ti dàgbà, tí ẹ mọ̀ pé ọ̀kan kò sọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ sọ fún un. Kì í ṣe àṣírí tó yẹ kí ìyá gbé wọ sàréè. Òun ló máa lò ó láti dáàbò bo ara rẹ̀.

*7. Ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin wa, àti fún àgbà*

Ẹ sọ fún àwọn ọmọkùnrin tó ti bàlágà pé kí wọ́n máa yẹ ara wọn wò lóṣooṣù lẹ́yìn ìwẹ̀. Kí wọ́n yí kóró kọ̀ọ̀kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka. Ọ̀kan lè tóbi jù tàbí kó sọ̀ ju èkejì lọ díẹ̀, kò burú. Ohun rírọ̀ bí okùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ohun tó yẹ kí wọ́n fura sí ni kókó líle tí kò dunni, kóró tó ń tóbi sí i tàbí tó ń wúwo, àti ìrora tó ń wà nísàlẹ̀ ikùn tí kì í lọ. Kókó tí kò dunni gan-an ló ń tan ni jẹ.

Bọ́ọ̀lù kì í fa jẹjẹrẹ. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ba ni níbẹ̀ la máa ń fọwọ́ kàn án, ìgbà náà la máa ń rí ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀. Kì í ràn, kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀, kì í ṣe èpè. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á ṣe scan ibẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, láti ibi itan òkè ni wọ́n ti ń yọ kóró náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń la ìpá fi abẹ tàbí abẹ́rẹ́ kan àpò ẹpọ̀n, torí ó lè tan àìsàn náà káàkiri. Ẹni tí wọ́n yọ ọ̀kan lára rẹ̀, èyí tó kù sábà máa ń tó o láti ṣe ọkọ àti láti bímọ. Bí ó bá máa gba oògùn jẹjẹrẹ, kó kọ́kọ́ bi dókítà nípa fífi àtọ̀ pamọ́.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ti lé ní 60, kókó lára ẹpọ̀n yín kì í sábà jẹ́ irú ti ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní lymphoma lè wọ ibẹ̀. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò yọ yín sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ wa tí jẹjẹrẹ ọyàn ń mú ni kò tíì pé 50. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, ọmọ wa tó kàwé ní Ìbàdàn tó wà ní University of Chicago báyìí, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ìdí tó fi ń tètè mú obìnrin aláwọ̀ dúdú tó sì ń le. Bí ọmọbìnrin ọdún 30 bá ní kókó wà lọ́yàn òun, ẹ má ní ó ti kéré jù.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa kò ju èyí lọ. Ọjọ́ orí kì í sọ fún wa ẹni tí jẹjẹrẹ kò lè mú. Irú èyí tó yẹ ká máa ṣọ́ ló ń sọ fún wa: ẹyinjú àti àgbọ̀n ọmọdé, ẹpọ̀n ọ̀dọ́, ọyàn obìnrin, prostate bàbá àgbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́nu yín pé "o ti kéré jù" tàbí "o ti dàgbà jù."

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìyá, sí ìyá ọlọ́mọ tuntun tó wà ládùúgbò yín, àti sí ọmọkùnrin yín tó ń tijú. Ẹni tó bá ti rí àmì kankan, kó má dúró de broadcast mìíràn. Ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí, a ò ní fi ọwọ́ wa sin ọmọ. Àṣẹ. 🙏🏾